Kẹyẹde Méjì

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mò ń kọ́ kóòdù,
ó ní, "Kọ́ọ̀dù wo? Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ò tó ọ ni?"
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ní lọ́kàn, Kọ́ọ̀dù ará Jámánì
tó ń mi ilé wa tìtì ní Bájùláyé, ní Ṣómólú,
tó ń gbé pépà mì, tó ń pọ̀ ọ́ jáde ní kàlẹ́ńdà.

Tèmi kì í pariwo.
Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ni, bọ́tìnnì "p" rẹ̀ ti yọ,
mo máa ń fi ìka gún ojú egbò náà.
Ní alaalẹ́ Ọjọ́rú, ní Yábàá,
Sẹnami ọmọ Àgbádárìgì ló ń kọ́ wa
ní èdè tó ń jẹ́ orúkọ òjòlá.
Òjòlá lóòótọ́: ó máa ń rọra wé mọ́ni.
Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbàgbé kólọ́ọ̀nù níparí ìlà.
Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣí àkámọ́, n kò pa á dé,
bí ẹni ṣílẹ̀kùn fún àlejò tó sì sùn lọ.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, àlàfo kan péré níwájú ìlà,
ó ní òun ò ṣe mọ́.
Sẹnami ní, "Ìlà tó kẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ kà.
Kò bú ọ. Ó ń júwe ilé fún ọ ni."

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, kò júwe ilé kankan.
Orí fóònù ni mo ti da ìwé gbèsè bàbá mi kọ,
orúkọ oníbàárà, owó tó kù lọ́rùn wọn,
láìfi àmì ohùn sí i, nítorí ìkánjú,
mo wá kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.
Mo ní: wá Kẹyẹde.
Ó ní: kò sí Kẹyẹde.
Mo wo àkójọ. Kẹyẹde wà láàárín Jinadu àti Lapite,
ó jókòó jẹ́ẹ́ bí onígbèsè.
Mo ní: Kẹyẹde! Ó ní: kò sí.
Mo pa á, mo tún un tàn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u.
Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà;
mo tú ewé kọ̀ọ̀kan títí dé gbòǹgbò,
aago méjì kọjá, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì kú,
kòkòrò ò yọjú.

Bàbá mi jí tọ̀. Ó dúró sẹ́yìn mi.
Kò mọ kọ̀ǹpútà. Ó mọ lẹ́tà:
kí Kọ́ọ̀dù tó dé, lẹ́tà òjé ló ń fi ọwọ́ tò,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, lódìlódì.
"Dúróoríkẹ́," ó ní, "láyé òjé,
ẹ méjì lè jọra bí ìbejì
kí wọ́n má sì ti inú àpótí kan náà wá.
Ojú ò ní sọ fún ọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wàá fọwọ́ pa.
Wọ́n kọlà fún un níbẹ̀: òmíràn ẹyọ kan, òmíràn méjì."
Ó padà lọ sùn.

N kò lè ki ọwọ́ bọ inú gíláàsì.
Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi ka iye lẹ́tà.
Kẹyẹde inú àkójọ: mẹ́fà.
Kẹyẹde tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀: mẹ́jọ.

Háà!
Lórí fóònù, ẹ àti àmì abẹ́ rẹ̀, ara kan ni wọ́n.
Lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ e, mo wá ti àmì bọ abẹ́ rẹ̀,
àmì náà sì ń dá jẹun, ó ń ka ara rẹ̀ sí èèyàn.
Mo kọ ìlà kan tó so wọ́n pọ̀.
Mo ní: wá Kẹyẹde.
Ó ní: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún náírà.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ bá bàbá mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun.
Ó ń da íńkì sínú Kọ́ọ̀dù. Ó wo iye owó náà, ó rẹ́rìn-ín.
"Kẹ́yẹdé? Ó ti san án láti Ọjọ́bọ̀.
Mo kàn gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Mo jókòó sórí ìdì pépà,
mo pa Kẹyẹde rẹ́,
àwọn méjèèjì.